Kejìlélúgba Nínú Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta

Lọ́jọ́ Sátidé, ní Wínípẹ́ẹ̀gì, òtútù ń bu etí jẹ,
mo wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí gbọ̀ngàn abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Yukiréènì,
níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti í tẹ́ ọkọ̀ kéékèèké sórí tábìlì
ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.
Òórùn kọfí, òórùn kábéèjì,
òórùn ẹ̀wù òtútù tó rin gbingbin fún yìnyín.
Kò sẹ́ni tó ń pariwo.
Wọ́n á gbé ọkọ̀, wọ́n á dojú ẹ̀ délẹ̀,
wọ́n á yẹ abẹ́ ẹ̀ wò
bí ẹni ń yẹ ìdí ìkòkò wò kó tó sanwó.

Ìbídùn ti sọ tiẹ̀ kí n tó jáde nílé:
“Ọkọ mi ń rọkọ̀, ọkọ̀ ò gbọ́kọ.
Mẹ́tàdínlógójì nínú yàrá, bọ́ọ̀sì la ṣì ń wọ̀!”
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá fi fèsì?
Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Orí tábìlì Órẹ́sì ni mo ti rí i.
Pijó 504, aláwọ̀ eérú,
kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé gíláàsì.
Wọ́n fín nọ́ńbà sábẹ́ ẹ̀: 202/500.
Mo kà á lédè wa nínú mi,
kejìlélúgba nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Wọ́n ní nígbà tó pé iye yẹn,
wọ́n fọ́ ohun tí wọ́n fi dà á.
Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń ṣí.
Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ,
wáyà ẹ̀ tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú.
Ẹni tó ṣe é mọ Pijó.
Kò mọ bàbá mi.

Bàbá mi a máa fi ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì nu tirẹ̀ láràárọ̀,
kó tó fojú kan oúnjẹ, kó tó kí ìyá mi.
Ìsẹ́yìn sí Òkè-Ihò, Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn,
a kì í gbé ẹsẹ̀ eléruku wọ̀ ọ́.
Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje, mo mú ìṣó,
mo fẹ́ kọ orúkọ mi sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá òsì:
L, A…
Láníyonu kò parí. Ìgbátí dé.
Wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń yọjú,
bí ilà tí olóólà kọ dé ìdajì.

Lọ́dún tí físà mi jáde, mo délé, mo bá àgbàlá lófìfo.
Òróró dúdú tó máa ń jò nìkan ló kù nílẹ̀, róbótó.
Bàbá ní, “Ọkọ̀ yẹn ti ń dà mí láàmú tipẹ́.”
Irọ́ ni.
Ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé irọ́ ni.
Mo gba owó ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

“Ọgọ́fà dọ́là,” ni Órẹ́sì wí, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.
“Má yọ ọ́ nínú ilé ẹ̀ o.
Bí ìka bá ti kàn án, ìdajì owó ẹ̀ ti lọ.”
Mi ò ná an. Ó yà á lẹ́nu.

Lálẹ́, Ìbídùn wò ó títí, kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀.
Ó ní, “Àbí òun nìyí?”
Mo ní, “Ó ku ohun kan.”
Ó dìde, ó lọ mú abẹ́rẹ́
nínú agolo bisikíìtì tó ń kó òwú sí.
Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Mo ṣí gíláàsì. Mo sé èémí.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá òsì.
L yẹn dúró dáadáa.
A yẹn wọ́ díẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta tún pé, Órẹ́sì ní ṣé mo máa tà á,
iye ẹ̀ ti gòkè.
Mo gbé e lé e lọ́wọ́.
Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó nu ún, ó tún un wò.
“Ta ló bà á jẹ́?”
Mo ní, “Ọmọdé kan ni.”